Lesotho: Abọ́ Kékeré Nínú Àwo Ńlá

Bí wọ́n bá gbé abọ́ kékeré sáàárín àwo ńlá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Lesotho ṣe jókòó sínú South Africa. Gbogbo ẹnubodè rẹ̀, South Africa ló yí i ká.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ físà fi gba ìṣọ́ra. Ẹni tó gba físà South Africa tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá sọdá sí Maseru tí í ṣe olú-ìlú Lesotho, báwo ni yóò ṣe padà? Èyí tí wọ́n fi ń wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ bèèrè.

Owó ò le. Loti ni owó Lesotho; loti kan, rándì South Africa kan ni, wọ́n sì ń gba rándì níbẹ̀.

Òtútù ni kí ẹ múra dè! Kò síbi tó rẹlẹ̀ tó mítà 1,000 ní gbogbo ilẹ̀ náà. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, òjò dídì máa ń bo orí òkè. Ẹ fi léèsì sílé o. Àwọn Basotho, ọmọ ilẹ̀ Lesotho, tí ẹ ń rí lórí ẹṣin, tí wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn bora, kì í ṣe fáàrí nìkan ni wọ́n ń ṣe.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ dé ìlú Semonkong. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ibi èéfín: omi Maletsunyane ló ń já wálẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 192, tí ìkùukùu rẹ̀ ń rú sókè bí ẹni ń dáná.