Sòbìà àti Kòkòrò Inú Omi
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ní Ìwó



Ọ̀rọ̀ sòbìà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ á wú, á léròrò, á bẹ́, aràn funfun á yọ orí jáde. Ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń yọjú jù nílẹ̀ wa. Baálé ilé tó yẹ kó máa kọ ebè á wà lórí ẹní.

Níbo ni aràn yìí ti ń wá? Àwọn mìíràn ní inú ara gbogbo ènìyàn ló wà, pé a bí i mọ́ni ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ìdèrè ní Ìbàràpá sọ nìyẹn fún àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn nígbà kan. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi ló ti ń wá.

Kòkòrò kan wà nínú omi adágún tí kì í ṣàn. Ìbátan edé àti akàn ni, ṣùgbọ́n ó kéré bí àmì tí a fi ń parí gbólóhùn nínú ìwé kíkà yín. Ní 1870, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Aleksei Fedchenko, fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wo kòkòrò yìí. Kí ló rí? Ọmọ sòbìà ló rí nínú ara rẹ̀! Ṣé ẹ rí i? Kòkòrò kékeré náà pàápàá ní aràn tirẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. Ẹni tí sòbìà ń ta á ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú. Kíá, aràn náà á tu ọmọ sínú omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kòkòrò omi á gbé wọn mì. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n á ti gbó tó láti wọ ara ènìyàn. Ẹlòmíràn á wá bu omi náà mu. Kòkòrò á kú nínú ikùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ aràn kò ní kú. Á máa dàgbà lára rẹ̀ fún bí ọdún kan. Nígbà tó bá yọjú, ta ni yóò rántí omi tó mu ní èṣí?

Àwọn àgbà ní, kí sòbìà tó degbò, Olúgàńbe là á ké sí. Òótọ́ ni. Kò sí oògùn tí ń pa á lára, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Aṣọ ni oògùn rẹ̀. Ẹ ta aṣọ tí ojú rẹ̀ wẹ́ sẹ́nu ìkòkò, kí ẹ fi sẹ́ omi. Kòkòrò á dúró lórí aṣọ. Nítorí àwọn àrùn mìíràn, ẹ tún se omi náà. Kí ẹni tí sòbìà mú má sì ti ẹsẹ̀ bọ omi mímu.

Ẹ má pè é ní nǹkan kékeré o. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Abúlé dé abúlé, wọ́n pín aṣọ ìsẹ́mi, wọ́n da oògùn tí ń pa kòkòrò sínú adágún, wọ́n gbẹ́ kànga. Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Jimmy Carter, tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, wà lára àwọn tó ṣe wàhálà rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ẹ má sùn o. Títí di 2024, wọ́n ṣì ń rí i ní Chad, aládùúgbò wa, lára ènìyàn àti lára ajá. Ẹ̀yin tó ti mọ̀wé kà, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sétí àwọn ọmọ yín àti àwọn ará oko. Níbi tí omi adágún bá ti jẹ́ omi mímu, ẹ ta aṣọ sẹ́nu ìkòkò. Ohun tí ojú wa kò rí, aṣọ á bá wa mú un.