Afárá Olórùlé ti North Blenheim



Ní ọdún 1855 ni Nicholas Powers, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà, fi igi ṣe afárá sórí odò Schoharie ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ bàtà 210 ni ó fi la omi náà kọjá, láìsí òpó kankan láàárín. Ó fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ́ òrùlé lé e. Kì í ṣe nítorí èrò ọ̀nà: igi tí òjò ń pa, tí oòrùn sì ń gbẹ, kì í pẹ́ jẹrà.

Nígbà tí a ṣe afárá irin sí tòsí rẹ̀ ní 1932, ọkọ̀ kò gba orí rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ wọn kò wó o, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. (Mo yìn wọ́n, nítorí ohun tí kò wúlò fún ọkọ̀ mọ́ kì í sábà rí alágbàwí.) Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àkúnya omi tí ìjì Irene fà gbé e lọ. Òrùlé tí ó gbà á lọ́wọ́ òjò fún ọdún 156 kò lè gbà á lọ́wọ́ odò.

Ní 2018 wọ́n parí òmíràn síbẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé ti Powers kọ́ ni èyí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tirẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé, wọ́n sì gbé e ga sókè omi ju ti ìṣáájú lọ.