Fílítà Àpótí Ẹja: Kí Gbèsè Má Ṣe Pẹ́ Ju Ọjà Lọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní ìpàdé wọn)

 

Ọ̀rọ̀ mi kan àwọn tí wọ́n ń sin ẹja sínú àpótí onígíláàsì, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí àwọn oníbàárà ti ń jókòó. Ẹlòmíràn ń sìn ín fún ẹwà. Ẹlòmíràn ń mú un bí sí i, ó sì ń tà á. Àwọn kan nínú wa ti ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè bá wọn ra fílítà alágolo, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní kánísítà, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ní oṣù kẹta, tí ẹja kú, tí owó oṣù mẹ́sàn-án sì kù nílẹ̀ láti san, ìyà ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: kí gbèsè má ṣe pẹ́ ju ọjà tí a torí rẹ̀ jẹ ẹ́ lọ.

IṢẸ́ TÍ FÍLÍTÀ Ń ṢE

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí omi lè mọ́ gaara nìkan ni a ṣe ń lo fílítà. Omi lè mọ́ gaara kí ó sì pa ẹja. Ẹja ń tú amóníà sínú omi, pàápàá láti ibi ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń mí, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn a sọ ìyẹn di náítíréètì, tí ewu rẹ̀ kéré, tí a sì ń dín kù nígbà tí a bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú fóòmù àti òkúta wẹ́wẹ́ inú fílítà ni púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò yìí ń gbé. Ó tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Àwọn ni òṣìṣẹ́. Agolo yẹn, ilé wọn ni.

Ilé iṣẹ́ Eheim ní Jámánì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú fílítà yìí, láàárín ọdún 1960 sí 1969. Lónìí, wọ́n ń ṣe é ní Ítálì àti Ṣáínà pẹ̀lú. Ìsàlẹ̀ àpótí ni ó ń jókòó sí. Omi ń gba rọ́bà kan sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń la fóòmù kọjá, pọ́ǹpù sì ń gba rọ́bà kejì dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí àpótí rẹ̀ kò gbà ju 60 tàbí 80 lítà lọ, tí ẹja rẹ̀ kò sì pọ̀, kò nílò rẹ̀. Fílítà onífóòmù kékeré tí a ń fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ lò ti tó o. Kí ó tọ́jú owó rẹ̀.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ A NÍ LÁTI WÒ

Èkíní, iye lítà tí wọ́n kọ sára páálí. Nígbà tí agolo ṣófo ni ilé iṣẹ́ sábà máa ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá kó fóòmù sí i, tí omi sì ní láti gòkè, iye náà a dín kù gan-an. Ẹ fi garawa onílítà 10 àti aago wò ó. Àpótí tí ó gba 200 lítà fẹ́ kí omi rẹ̀ yí po nǹkan bí ìgbà 4 ní wákàtí kan, èyí jẹ́ 800 lítà. Bí garawa bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 45, ó pé. Bí ó bá gba 90, ìdajì ni ẹ rí.

Èkejì, wáàtì. Fílítà kì í sùn. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, èyí tí ó jẹ́ wáàtì 15 a jẹ yúnìtì 10.8 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Èyí tí ó jẹ́ wáàtì 40 a jẹ 28.8. Ìyàtọ̀ yúnìtì 18 nìyẹn lóṣù, 216 ní oṣù méjìlá. Ẹ fi iye tí mítà yín ń gbà lórí yúnìtì kan sọ ọ́ di owó, ẹ óò rí i pé pọ́ọ́kú lè di ọ̀wọ́n.

Ẹ̀kẹta, tòkunbọ̀. Fílítà tí a lò ní Amẹ́ríkà, iná 120 fóòtì ni a ṣe é fún, tiwa sì jẹ́ 230 sí 240. Bí a bá kì í bọ iná wa, yóò jóná. Bí a tilẹ̀ fi tiransifọ́mà dín iná kù, iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ ìgbà 50; nítorí náà pọ́ǹpù náà a máa fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́ra sí i. Èyí tí ó ti Ìlú Ọba wá bá iná wa mu.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yà ara rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ẹnu agolo, abẹ̀bẹ̀ kékeré inú pọ́ǹpù àti ìkọ́ tí ó ń di ìdérí mú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi wọ́n hàn yín kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá ní i, ọjọ́ tí gásíkẹ́ẹ̀tì kan bá já ni gbogbo ẹ̀rọ náà parí, omi a sì kún inú ilé.

Ẹ̀karùn-ún, fóòmù. Ẹ ra èyí tí ó gba fóòmù tí a lè gé fúnra wa, tí a lè fọ̀ tí a sì lè tún lò fún ọdún púpọ̀. Ẹ yẹra fún èyí tí ẹ óò máa ra páálí àkànṣe fún lóṣooṣù. Bí ẹ bá fẹ́ fọ fóòmù, omi inú àpótí ni kí ẹ bù fọ̀ ọ́. Oògùn inú omi ẹ̀rọ lè pa àwọn òṣìṣẹ́ wa.

BÍ INÁ BÁ LỌ

Ibí yìí ni kí ẹ tẹ́tí sí jù. Agolo tí a dé pinpin ni fílítà yìí. Bí iná bá lọ, omi kò rìn mọ́, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ a sì lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú omi náà tán. Láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí kú, omi inú agolo a sì máa rà. Bí iná bá dé ní òru tí gbogbo ilé ti sùn, fílítà a da omi burúkú yẹn sórí ẹja. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òkú ẹja ni a óò bá.

Nítorí náà, bí iná bá lọ tí kò tètè dé, ẹ yọ fílítà kúrò lára iná kí ẹ tó sùn. Bí iná bá padà lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, ẹ ṣí agolo, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi àpótí ṣan fóòmù, kí ẹ tó tan án. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tí ó ń lo bátìrì, pẹ̀lú fílítà onífóòmù kan nínú àpótí, yóò gba ẹja là ní àkókò òkùnkùn. Ẹni tí ó ní inverter, fílítà tí wáàtì rẹ̀ kéré ni kí ó rà. Owó pọ́ǹpù onibátìrì yìí jẹ́ ara iye owó fílítà. Ẹni tí kò bá kà á mọ́ ọn, kò tíì ṣírò tán.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Mo dá àbá mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ ra ẹyọ kan péré ná, kí a fi garawa dán an wò kí a tó ra púpọ̀. Kí a ra gásíkẹ́ẹ̀tì àti abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: kí àkókò tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi san owó má ṣe kọjá àkókò tí ọlọ́jà fi ṣe onídùúró fún ọjà rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní oṣù mẹ́fà ni òun lè dúró fún, oṣù mẹ́fà ni kí a fi san án. Bí kò bá lè dúró rárá, kí a má ṣe yáwó rà á.

Ẹnìkan ṣoṣo kò lè bá ọlọ́jà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí ó gbọ́. Ogún ènìyàn lè sọ ọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.