Ṣẹkẹṣẹkẹ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn: Àwa Babaláwo àti Olùwádìí Ìlera

Ọmọdé ni mí láwùjọ yín. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ fi ọwọ́ bàbá bò mí.

Láti ọdún tí ó kọjá ni olùwádìí ìlera kan, ọmọ bíbí agbègbè Èjìgbò yìí, ti ń wá wo bí a ṣe ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n ní ewé wa ni yóò jí. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òpè. Asofẹ́yẹjẹ ni àwọn bàbá wa fi ń mú ara wèrè rọlẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà reserpine lára ìbátan rẹ̀ tí ó ń hù ní Íńdíà. Èròjà kan náà wà nínú tiwa. Ta ni ó rántí orúkọ àwọn oníṣègùn Íńdíà tí wọ́n ti ń lò ó? Síbẹ̀, èròjà yìí ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí egbò bá sì pọ̀ jù, aláìsàn lè dákú. Ẹni tí ó lè wọn ìfúnpá wúlò fún wa.

Kì í ṣe òní ni irú èyí bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, fi àwọn aláìsàn Arò àti ẹbí wọn sí àwọn abúlé àyíká ilé-ìwòsàn, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí jáde nínú The Lancet. Aláìsàn 307 ni ó wà nínú rẹ̀, ní Nàìjíríà àti Gánà, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bẹ oníṣègùn wò, tí wọ́n jọ ń tọ́jú aláìsàn, ara yá ju ti ibi yòókù lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Èyí tí ó kù ṣòro láti sọ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, èmi ni mo di ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú tí a fi kó ṣẹkẹṣẹkẹ sí i. Ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n àpá ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í sì í wọ ṣòkòtò péńpé mọ́. Olùwádìí béèrè ohun tí ó fa àpá náà, mo parọ́. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sọ òtítọ́ fún un. Kò bú mi. Ó kàn bi mí bóyá a lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ láìlo irin.

Ẹ jẹ́ kí a gbà á, ṣùgbọ́n lórí àdéhùn. Kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ mọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ gbà. Awo tí a mulẹ̀ lé lórí kò sí nínú rẹ̀. Kí ó ka èsì fún wa ní èdè Yorùbá kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí orúkọ àwọn tí ó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ sì wà níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́. Àwa náà, kí a kó irin kúrò nílé.

Yóò wá sí ilé Ifá ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún. Ṣẹkẹṣẹkẹ tèmi wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N ó gbé e wá.