Ilé Náà Ní Òṣùwọ̀n
Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò gùn. Ó dá lórí ilé ìtajà tí gbogbo wa ń dáwó sí. Owó ata, owó ẹ̀fọ́, owó ẹja ló wà nínú àpò yẹn. Ká tó fi ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, ìbéèrè kan wà tó yẹ ká bi ẹni tó ń ya àwòrán ilé wa: iná mélòó ni ilé yìí máa jẹ lóṣù?

Nínú ọjà wa, kò sí ẹni tó ń ra ìrẹsì láìwo kóńgò. Bí wọ́n bá ti ìdí kóńgò wọnú, a mọ̀. Ẹlẹ́ja ní ìwọ̀n, aláṣọ ní yáàdì. Ṣùgbọ́n tó bá kan ilé, tó jẹ́ ọjà tó wọ́n jù lọ, ojú lásán la fi ń rà á. A ó wo ọ̀dà, a ó wo táìsì, a ó ní ó dára. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó gba ṣọ́ọ̀bù ní London mọ òṣùwọ̀n yìí. Láti ọdún 2008, ní England àti Wales, ẹni tó bá fẹ́ ta ilé tàbí fi í gba rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tó ń sọ bí ilé náà ṣe ń jẹ iná sí. Lẹ́tà A dé G ló wà lórí rẹ̀. Ilé tó gba A kì í jẹ púpọ̀. Èyí tó gba G, àjẹkì ni. Láti April 2018, onílé kò lè fi ṣọ́ọ̀bù tí kò tó E fún ayálégbé tuntun. Nígbà tó di April 2023, òfin náà kan àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá, àyàfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Òtútù ni wọ́n ń bá jà lọ́hùn-ún, ooru ni tiwa, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni.

Nílé níbí, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lọ́dún 2017 lórí ilé tí kì í fi iná ṣòfò. Fèrèsé, òrùlé, gílóòbù àti ẹ̀rọ amúlétutù wà lára ohun tó ń wò. Ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ lórí ilé kíkọ́, nítorí náà ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà láti sọ ọ́ di dandan. Ẹ̀ka kan ní Báńkì Àgbáyé tún ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní EDGE. Ilé tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín ìdá 20 nínú 100 kù nínú iná, nínú omi, àti nínú agbára tí wọ́n fi ṣe àwọn ohun èlò ìkọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ọjà. Ká ní ṣọ́ọ̀bù 40 la kọ́, gílóòbù kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń tàn fún wákàtí 10. Bó bá jẹ́ gílóòbù àtijọ́ oní 60 watt, yúníìtì 24 ni lójúmọ́. Bó bá jẹ́ LED oní 9 watt, kò tó yúníìtì 4, 3.6 péré ni. Ní April 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì àwọn tó wà ní Band A láti N68 sí N225. Ní iye yẹn, ti àkọ́kọ́ jẹ́ N5,400 lójúmọ́, ti èkejì jẹ́ N810. Gílóòbù lásán nìyẹn o! A ò tíì dárúkọ fíríjì àwọn ẹlẹ́ja, a ò tíì dárúkọ epo jẹnẹrétọ̀.

Ooru ló burú jù. Páànù tí kò ní síílìn, bí oòrùn ọ̀sán bá ti kàn án, ata á máa rà, fíríjì á máa ṣiṣẹ́ àṣekú. Àwọn ìyá wa kò mọ lẹ́tà A tàbí G, ṣùgbọ́n ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tútù lọ́sàn-án gangan.

Àwọn kan nínú wa ní síílìn àti òrùlé tó yọ síta yóò fowó kún owó. Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan la ó san ìyẹn. Owó iná, oṣooṣù ni, títí dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la mú wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò.

Èkíní, kí ayàwòrán kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, iye yúníìtì tí ilé náà máa jẹ lóṣù, ká tó gba àwòrán rẹ̀. Àwòrán méjì ni kó mú wá, ká lè fi wéra.

Èkejì, ká kọ́kọ́ bójú tó ohun tí kì í gba iná: kí ìhà gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé kọjú síra wọn kí atẹ́gùn lè já, kí páànù jẹ́ aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́, kí síílìn wà. Lẹ́yìn náà la ó tó sọ̀rọ̀ fáànù.

Ẹ̀kẹta, kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ máa san owó iná fún ẹni tó ní fíríjì mẹ́ta. Kí akọ̀wé sì máa lẹ àpapọ̀ yúníìtì ilé náà mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì lóṣooṣù, kí a lè fi wé ohun tí ayàwòrán kọ. Ìwé ẹ̀rí tiwa nìyẹn.

Ẹ bá wa rò ó dáadáa kó tó di ọjọ́ ìbò. Owó wa ni, ilé wa ni. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, ọjà á tà, èrè á wọlé.