A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Òfin Igbó àti Ohùn Àwa Oníṣẹ̀ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn Oníṣẹ̀ṣe ní Ìlaró, Ìpínlẹ̀ Ògùn

     

Orí ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi ni òfin ìjọba lórí igbó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá polówó igbó mímu. Ohun tí mo wá sọ ni pé òfin tí ó dá lórí ewé, lórí oko àti lórí àìsàn kò yẹ kí ó jáde láìjẹ́ pé a bi àwọn tí ń já ewé, àwọn tí ń roko àti àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Láti 1966 ni wọ́n ti ń fá orí yìí lẹ́yìn olórí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi kejì wà. Ewé tí ó bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa máa ń ní orúkọ tirẹ̀. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀, rinrin: orúkọ wọn ni a fi ń pè wọ́n níṣẹ́. Ewé tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí ni a yá fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà ni pé àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n padà láti Índíà àti Bọ́mà lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945 wà lára àwọn tí ó mú un wọlé. Nínú àwọn ẹsẹ tí wọ́n kọ́ mi, n kò bá a pàdé. Nítorí náà, a kò ní lọ síwájú aṣòfin láti pè é ní ewé òrìṣà. Bí ará ìlú ni a ó ṣe lọ, àti bí ẹni tí ó mọ ewé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni oògùn. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò púpọ̀ lẹ́nu Yorùbá. Àgbo ni oògùn, ẹ̀bù ni oògùn, ohun tí a fi ń pa ẹ̀fọn náà ni oògùn. “Olóró” tí a fi kún un ni ó ya èyí tí ń ba ayé ẹni jẹ́ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ láti sọ ibi tí oògùn parí sí, tí oró sì ti bẹ̀rẹ̀, agbára ńlá ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó ti ń sọ ọ́ fún wa?

Ní 1966, ìjọba ológun gbé Àṣẹ 19 jáde lórí igbó. Ẹni tí ó bá gbìn ín lè kú sí i, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 21. Ẹni tí ó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni, ó kéré tán. Ní 1975, ìjọba ológun mìíràn mú ikú kúrò, ó sì dín ẹ̀wọ̀n amugbó kù sí oṣù 6 tàbí owó ìtanràn. Ní 1984, Àṣẹ 20 tún dá ikú padà fún àwọn tí ń gbé oògùn olóró. Ní oṣù Igbe 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta lábẹ́ àṣẹ náà, àṣẹ tí kò tíì jáde nígbà tí wọ́n ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1989, Àṣẹ 48 dá NDLEA sílẹ̀, àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, abala 315 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè sọ irú àwọn àṣẹ bẹ́ẹ̀ tí ó ṣì wà nílẹ̀ di òfin, bí ẹni pé aṣòfin ni ó jókòó ṣe wọ́n.

Ẹ tún ọdún wọ̀nyẹn kà: 1966, 1975, 1984, 1989. Kò sí aṣòfin kankan lórí àga nínú ìkankan wọn.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Ní 1954, ọdún 12 kí Àṣẹ 19 tó jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn alárùn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́. Dókítà tí ó gba ẹ̀kọ́ òyìnbó rí i pé ìmọ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí wọ́n kọ àṣẹ kò wá a débẹ̀.

Àwa ará Yewa mọ ohun tí ó ń jẹ́ àṣẹ tí a kò bá ni sọ. Ní oṣù Ògún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé àdéhùn fa ìlà la ilẹ̀ wa kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ọmọ Kétu àti Ìlaró bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bi Alákétu, wọn kò bi Olú. Títí di òní, lékulẹ́ja tí ó bá di ewé gbígbẹ sínú àpò tí ó sì gba ọ̀nà ẹnubodè mọ bí ìbéèrè ti máa ń pọ̀ tó.

Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ará ìlú kò já mọ́ nǹkan, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa. Ní 2020, Ilé Aṣòfin Gánà ṣe Òfin 1019. Abala 43 fún mínísítà láṣẹ láti fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ gbígbin igbó fún ilé iṣẹ́ àti fún ìwòsàn, bí èròjà THC inú rẹ̀ kò bá ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní oṣù Agẹmọ 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ fagi lé abala náà, adájọ́ 4 sí 3. Ohun tí wọ́n rí sí i ni pé wọ́n gbé e wọlé láìsí àlàyé fún ará ìlú àti láìsí àríyànjiyàn tí ó yẹ. Ní 2023, àwọn aṣòfin ní láti padà sí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ti Gúúsù Áfríkà kan àwa gan-an. Ní 2004, wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ lórí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ní oṣù Ògún 2006, Ilé Ẹjọ́ tí ń rí sí Ìwé Òfin wọn wọ́gi lé e, nítorí pé ìgbìmọ̀ aṣòfin kejì kò jẹ́ kí ará ìlú sọ tẹnu wọn gẹ́gẹ́ bí Ìwé Òfin ti pàṣẹ. Wọ́n fún wọn ní oṣù 18 láti tún un ṣe. Òfin tuntun jáde ní 2007. Ní ilẹ̀ kan náà, Gareth Prince, ọmọ ẹ̀sìn Rasta tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò, lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí igbó. Ní 2002, ó fi ẹ̀sìn rojọ́, ó sì pàdánù. Ní 2018, ó padà wá, ó ní ohun tí àgbàlagbà bá ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ó sì jàre. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ẹ̀tọ́ ará ìlú lè la ọ̀nà tí orúkọ ẹ̀sìn kò lè là.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilẹ̀ tiwa. Ní 2019, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Oǹdó, ẹni tí ó ti di olóògbé, àti ọ̀gá NDLEA ìgbà náà lọ sí Táílàǹdì láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún ìwòsàn. Ní oṣù Òkúdù 2021, wọ́n ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Benjamin Kalu, tí ó jẹ́ agbẹnusọ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin nígbà náà, wà lára àwọn tí ó ṣaájú. Ọ̀gágun Buba Marwa, tí ó ti di ọ̀gá NDLEA ní ọdún yẹn, kọ̀ jálẹ̀. Ìdí tí ó fi kọ̀ kì í ṣe yẹ̀yẹ́: ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 10 ni ó lo igbó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Ọmọ ilé wa wà nínú wọn.

Ní 9 oṣù Èbìbí 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ń gbé àtúnṣe òfin NDLEA yẹ̀ wò. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ó wà nínú òfin fún àwọn tí ń ṣòwò oògùn olóró. Lórí ìjókòó, Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume dá a lábàá pé kí ó di ikú. Wọ́n fi ariwo ohùn dìbò. Ẹni tí ó wà lórí àga ní àwọn tí ó gbà pọ̀ jù. Sẹ́nétọ̀ Adams Oshiomhole ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí a ń fi ohùn wọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Báyìí ni ikú tí 1975 lé jáde ṣe tún kan ilẹ̀kùn, láàárín ìjókòó kan ṣoṣo.

Ní ti Ifá, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ sí owó. Awo á dáfá, á máa ki ẹsẹ, títí oníbàárà yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Ọwọ́ awo ni odù ti ń jáde, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni a ti ń gbọ́ pé, “Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà nìyẹn.”

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe gba Abẹ́òkúta lọ. Oògùn àti májèlé wà nínú àkọsílẹ̀ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Àbújá ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí a ó bá sọ ọ́ ni aṣojú Gúúsù Yewa àti Ìpókíá, aṣojú Àríwá Yewa àti Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, àti sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka àbá òfin lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kéékèèké ni ó ń lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pe ará ìlú, tí wọ́n sì ń gba ìwé èrò. Ẹni tí kò bá kọ̀wé ní àkókò yẹn, àròyé lásán ni yóò máa ṣe lẹ́yìn náà.

Èkejì, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́, kí a sì fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì í. Abala 55 nínú Ìwé Òfin gba Yorùbá láàyè nínú iṣẹ́ ilé aṣòfin àpapọ̀ bí ètò bá ti wà fún un. Ètò náà kò ní wà láé bí kò bá sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a ó kọ. Kí òfin ya aláìsàn tí igbó ti mú lẹ́rú sọ́tọ̀ kúrò lára oníṣòwò, kí ó sì ní ibi ìtọ́jú ṣáájú ẹ̀wọ̀n. Kí ó sọ kedere pé àgbo àti ewé ìṣègùn kì í ṣe oògùn olóró. Bí ìwé àṣẹ bá máa wà lọ́jọ́ kan, kí àgbẹ̀ kékeré ní ìpín nínú rẹ̀, kí ó má jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá nìkan. Kí oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ní àga nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó o.

Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ tiwa. Ẹni tí ó bá ń da igbó sínú àgbo kí oníbàárà lè máa padà wá, olè ni, òun sì ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa. Kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí kí a tó gbéra lọ sí Àbújá, nítorí wọn yóò bi wá.

Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn márùn-ún lónìí kí a tó túká: awo kan, ìyánífá kan, lékulẹ́ja kan, àgbẹ̀ kan, agbẹjọ́rò kan. Èmi yóò ṣe akọ̀wé wọn. Kí ìwé wa wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pè wá.

Àbọrú, àbọyè. Àṣẹ.