Gàrí, Irú àti Màgí: Níbo Ni Ààlà Wà?



Àwọn kan ti sọ ọ́ di òfin fún ara wọn pé oúnjẹ tí a kò bá tíì yí padà rárá nìkan ló ń ṣara lóore. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gàrí ti di oúnjẹ burúkú nìyẹn. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rin ín, a ó dì í sápò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, a ó jẹ́ kí ó kan, kí á tó jọ̀ ọ́, kí á tó yan án. Gbogbo wàhálà yìí ló nídìí. Ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé sáyánáìdì nínú, ẹ̀gẹ́ kíkorò ló sì ní in jù. Rírin àti kíkan ń tú u sílẹ̀, omi ń gbé lára rẹ̀ lọ, iná agbada sì ń lé púpọ̀ nínú ìyókù dànù.

Irú náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti se irú rí mọ bó ṣe ń pẹ́ lórí iná kí èèpo rẹ̀ tó lè bó. A ó tún un sè, a ó bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí kòkòrò àìfojúrí Bacillus lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà, irú ìyípadà tó bá oúnjẹ ló yẹ ká máa bèèrè, kì í ṣe bóyá a yí i padà. Ní ọdún 2009, ọ̀jọ̀gbọ́n Carlos Monteiro ti Yunifásítì São Paulo ní Brazil gbé èrò yìí kalẹ̀, èyí tó padà di ìpín mẹ́rin tí a ń pín oúnjẹ sí. Lílọ̀, yíyan, sísá àti kíkan kò yọ oúnjẹ kúrò nínú ìpín kìíní, níbi tí iṣu àti ẹ̀wà wà. Ìpín kẹrin ló ń kọ mí lóminú: ilé-iṣẹ́ tú oúnjẹ palẹ̀, wọ́n mú sítáàṣì, òróró àti ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n fi àwọ̀ àti adùn àtọwọ́dá kún un, wọ́n sì tún un mọ. Ibẹ̀ ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò, núdù inú ọ̀rá àti màgí wà.

Ní 2019, olùwádìí Kevin Hall àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ogún ènìyàn sójú kan. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ oúnjẹ ìpín kẹrin, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ èyí tí kò sí nínú rẹ̀. Ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ inú oúnjẹ méjèèjì tí wọ́n gbé síwájú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kálukú sì ń jẹ títí yóò fi yó. Síbẹ̀, nǹkan bí 500 kálórì ni wọ́n fi jẹ ju ti ìkejì lọ lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n wà lórí oúnjẹ ìpín kẹrin.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé màgí ń lé irú kúrò nínú ìkòkò wa. Irú ní purotéènì. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú màgí, a ó sì tún bu iyọ̀ mìíràn sọ́bẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ yí ọ̀rá màgí sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ka àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe é: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ.